Ẹ Má Fún Ìgbàgbọ́ Ọmọ Ní Máàkì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òbí kan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ jáwọ́ nínú kíkó ọmọ lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́, pé ẹ̀sìn kì í ṣe ọgbà ẹranko tí a ń kó ọmọ lọ wò. Olùkọ́ ni mí, Kristẹni sì ni mí. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà pẹ̀lú òbí yìí, ṣùgbọ́n ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ wà lóòótọ́, òun ni kò sì tọ́ka sí.

Ọmọ tó ti ń kọrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láti kékeré, ẹ jẹ́ kó débẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó ráyè wọlé. Ẹnu ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Ìbí Jésù fi díẹ̀ lé ní mítà kan péré. Èyí tó tóbi láyé àtijọ́, òkúta ni wọ́n fi dí i, ojú àpá rẹ̀ ṣì hàn lára ògiri. Ọmọkùnrin wa kan tó ga fíofío forí gbá àtẹ́rígbà, ó ké “yéè!”, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín níwájú àwọn àlùfáà. Mo fi dá yín lójú pé kò ní gbàgbé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù mọ́.

Ní Jerúsálẹ́mù ńkọ́? Ìjọ mẹ́fà ló jọ ń lo Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, tí wọ́n ní ibojì Jésù wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í fi ìgbà gbogbo rẹ́ síra wọn. Ọwọ́ ìdílé Mùsùlùmí ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àkàbà kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé lókè ẹnu ọ̀nà, ó ti lé ní 200 ọdún tó ti wà níbẹ̀, torí pé ìjọ kan ò gbọ́dọ̀ dá nìkan gbé e kúrò. Àkàbà yìí làwọn ọmọ yà ní fọ́tò jù.

Lọ́jọ́ kan náà la lọ sí Ibojì inú Ọgbà, lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ń gbàdúrà. Ọmọbìnrin kan fà mí lápò: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo gan-an ni ibojì Jésù?” Mo sọ òótọ́ fún un. Ti inú ìlú ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún láti ayé Kọnsitáńtáìnì, olú ọba Róòmù, ẹni tí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ síbẹ̀ sí mímọ́ lọ́dún 335. Ti inú ọgbà, ẹ̀yìn ìgbà tí Gordon, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e lárugẹ lọ́dún 1883 ló tó gbajúmọ̀. Ó wo àwọn obìnrin tó jókòó sórí ìjókòó níbẹ̀, ó ní, “Kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́kún?” Mo ní kó lọ bi wọ́n. Ó lọ lóòótọ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ìgbà tí a padà délé ni nǹkan bàjẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí kálukú kọ “Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi ní Ilẹ̀ Mímọ́”. Wọn yóò fún un ní máàkì, wọn yóò sì ka èyí tó dáa jù níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n mọ ohun tí à ń fẹ́. Ẹ ò bá rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lórí ìwé wọn tí omijé sì ń ṣàn! Ọmọbìnrin yẹn kọ ìlà mẹ́rin péré: “Mo fọwọ́ kan òkúta tí wọ́n ní wọ́n tẹ́ òkú Jésù sí. Ó tutù, òórùn òróró sì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo ṣì ń rò ó.”

Wọ́n ní kó tún un kọ. Èmi ni mo fún un ní abala ìwé tuntun. Ó kọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì gba máàkì rẹpẹtẹ.

Tómásì ní òun ò ní gbà àfi tí òun bá fọwọ́ kan àpá, síbẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, inú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù ló wà. Kò sẹ́ni tó lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, ẹni tó kọ́ ilé, ẹni tó wó o, ìdí tí àkàbà fi wà níbẹ̀. Ẹ fún ìyẹn ní máàkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ odò Jọ́dánì, kó jókòó sí bèbè, ẹ má bi í nídìí. Ẹ̀rí tó bá sì wà lọ́kàn ọmọ, bó bá fẹ́, yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìlà mẹ́rin yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ọmọ náà bá ka lẹ́tà yìí, kó wá gbà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan