Ẹ Gba Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Ná, Kí Ẹ Tó Fún Un Lóògùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àpilẹ̀kọ yín lórí àyẹ̀wò tí a fi ń wá bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀ dùn-ún kà, àmọ́ ẹ fo ibi tó le jù. Bakitéríà tó wọnú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lè má tó ẹyọ kan nínú mìlílítà kan. Ta ni yóò fi ojú wá ìyẹn rí? Ìdí nìyẹn tí a fi ń da ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ bakitéríà wà, kí wọ́n lè bí sí i.

Mìlílítà 8 sí 10 ló yẹ kó wọ ìgò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ń rí gbà nígbà mìíràn kò ju omi ojú lọ! Ojú iṣan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti fà á, torí bakitéríà ara awọ lè bá abẹ́rẹ́ wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ojú iṣan kan ṣoṣo ni bakitéríà ti hù, a ó fura pé ara awọ ló ti wá.

Ọjọ́ 5 ni ìgò sábà máa ń lò nínú ẹ̀rọ olóoru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ bakitéríà ń fara hàn kí wákàtí 48 tó pé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni aláìsàn tó ti gba oògùn tó ń pa bakitéríà kí wọ́n tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní láàbù. Ìgò náà á dákẹ́, torí oògùn náà lè má jẹ́ kí bakitéríà hù nínú rẹ̀; dókítà á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ bakitéríà náà ṣì lè wà lára aláìsàn.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan