Lẹ́tà sí Bàbá Àgbà, lórí ibi tí wọ́n máa ń fò

Bàbá Àgbà,

Mo ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tán fúnra mi. Láti kékeré, ẹnu yín nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìwé yín gan-an ni mo kà, èyí tí ẹ fi òwú rán lẹ́yìn, tí wọ́n fi àkọtọ́ àtijọ́ tẹ̀: "enia", "aiye". Ó kọ́kọ́ le fún mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bíi tiyín ni ọ̀rọ̀ Fágúnwà tó wá ń yọ̀ lẹ́nu mi. Láti ọdún 1938 tó ti jáde, kò tíì gbó.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń yí yín ká lálẹ́, tí fìtílà á wà lórí àpótí? A mọ Akàrá-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, bí ẹni mọ ará ilé. A mọ àwọn tó bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó: Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Kàkó. Kàkó ni tèmi. Bí a bá ń ṣeré, èmi ọmọbìnrin ni mo máa ń gbé igi dání, tí n ó ní kùmọ̀ ẹkùn Kàkó ni.

Ẹ ò ka ibì kan fún wa rí, Bàbá. Ibi tí Kàkó ti fẹ́ tẹ̀lé wọn lọ, tí obìnrin tí Kàkó ń fẹ́ dì mọ́ ọn pé kó má lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a. Orúkọ Kàkó ló ń pè tí ó fi kú. Ìrìn-àjò sì ń bá a lọ.

Mo pa ìwé dé. Oorun ò kùn mí mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ṣí i padà, tí Kàkó tún ń jà níwájú, inú mi ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn níbi gbogbo tó bá ti gbé kùmọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àmì pẹ́ńsù yín: ìlà tín-ín-rín kan níbi tí ẹ ti máa ń fò, òmíràn níbi tí ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ padà. Ṣé nítorí àwa ọmọ ni, àbí nítorí Ìyá Àgbà tó máa ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀?

Mo tún ka Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ọjọ́ méjì péré ni, Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn mí. Ó dùn gan-an, àmọ́ kò wọ̀ mí lára bíi ti Kàkó.

Mo ti ń ka ìtàn Akàrá-ògùn fún ọmọ mi báyìí. Àná la kan ìlà pẹ́ńsù yín. Mo dákẹ́ díẹ̀, mo fò ó. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Ẹ̀yin ò dákẹ́ níbẹ̀ rí, Bàbá. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Ọmọ ọmọ yín