Ìyá Ìbejì, kì í ṣe owó nìkan ló ń lé àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà, bàbá wọn ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ tó o ti ń bi mí pé kí ló dé tí nọ́ọ̀sì ò dúró mọ́ ní ọsibítù wa, pé ṣé owó náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀, ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ ọ́.

Owó wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó nìkan ni, àwọn kan ò ní fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ pátápátá lọ máa ta aṣọ. Iṣẹ́ yìí fúnra ẹ̀ ló ń lé wọn. Náìtì ni kó o wá wò. Nọ́ọ̀sì méjì lórí wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́, ìgbà míì ẹnì kan péré pẹ̀lú àwọn sítúdẹ́ǹtì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní tíátà wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára tó yẹ kó o máa yẹ̀ wò lemọ́lemọ́ wà níbẹ̀, ọmọ aláìsàn kan dúró tì ẹ́ lẹ́yìn ó ń pariwo pé dríìpù bàbá òun ti tán, iná á tún wá lọ, wàá máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá iṣan. Abẹ́rẹ́ aago mẹ́wàá lè di aago méjìlá kó o tó dé bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn. Ilẹ̀ á mọ́, o ò tíì kọ ripọ́ọ̀tù, wọ́n á ní ẹnì kan ò wá ní mọ́níǹ, ṣé o lè bá àwọn dúró díẹ̀.

Ẹ̀yìn ń ro wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń dunni jù ni pé o mọ ohun tó yẹ kó o ṣe fún aláìsàn yẹn, wọ́n kọ́ ẹ dáadáa, o ò sì ráyè ṣe é. Tó bá kú, wàá gbé e lọ sílé lọ́kàn ẹ. Tó bá wá pẹ́ bẹ́ẹ̀, agara á dá èèyàn, wàá máa jágbe mọ́ aláìsàn, ọkàn á le. Mo ti rí i lára àwọn tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ jù nínú kíláàsì wa.

Bí ẹnì kan bá sì ti lọ, iṣẹ́ ẹ̀ á já lé àwọn tó kù lórí, ìyẹn á lé ẹlòmíì lọ. Wọn kì í tètè gba èèyàn dípò, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ni, kò sí àgbà tó máa mú un lọ́wọ́, ẹ̀rù á máa bà á, láìpẹ́ òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ṣó o rántí ìwádìí Linda Aiken, olùwádìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2002, lórí àwọn ọsibítù Pennsylvania? Aláìsàn kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi kún ti nọ́ọ̀sì, ewu kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kú láàárín 30 ọjọ́ á fi ìdá 7 nínú 100 lé sí i, ewu kí agara dá nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ á fi ìdá 23 nínú 100 lé sí i. Aláìsàn KAN o! Wá fi ṣírò wọ́ọ̀dù tiwa.

Ní California tó o wà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1999 tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ICU, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní ju aláìsàn méjì lọ, ti wọ́ọ̀dù ò sì ju márùn-ún lọ báyìí. Tiwa ńkọ́? Ilẹ̀kùn ni wọ́n lọ tì. Oṣù kejì 2024, NMCN, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, ní ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde fẹ̀hónú hàn l'Ábújá àti l'Ékòó. Inú bí mi gan-an, torí ẹni tó o dá dúró tipátipá, kí lo yí padà nínú wọ́ọ̀dù tó ń sá fún?

Nígbà tí NANNM, ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, wá daṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 oṣù keje 2025, ọjọ́ méje ni wọ́n pè é, kò tiẹ̀ pé ọjọ́ méje tí wọ́n fi dá a dúró. Àláwáǹsì ni gbogbo èèyàn ń sọ, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tá a béèrè, èyí tó ká mi lára jù ni pé kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i.

Jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe. O sọ fún mi rí pé ẹ ní fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa ń kọ tí wọ́n bá fún yín ní aláìsàn tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ya fọ́tò èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí, fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìpàdé ẹ̀ka wa ń bọ̀, mo fẹ́ ká máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo náìtì, iye aláìsàn, iye nọ́ọ̀sì, ohun tá ò ráyè ṣe, kí ọ̀gá kankan má lè ní òun ò gbọ́. Mátírọ́ọ̀nù wa ní òun á bá wa fọwọ́ sí i.

Má sì bi mí mọ́ pé ìgbà wo lèmi náà ń bọ̀. Tá a bá lè rí nọ́ọ̀sì mẹ́rin lórí náìtì, mi ò lọ síbì kankan. Bá mi kí àwọn ìbejì, kó o sì tètè fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ o.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ