Àkànní, Nípa Ẹsẹ̀ Tó Wú Yẹn

Àkànní ọkọ mi,

Pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó rẹ ní o ò fojú kan oorun mọ́jú, pé aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ. Ó tún ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín ń sọ pé o tẹ nǹkan. Má dá a lóhùn. Ohun tó ṣe bàbá rẹ gan-an nìyẹn, ìka kan náà, òru náà ló sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní Àlékúwodò ti ń wá ẹni tó máa difá kí dókítà tó sọ pé gout ni, àìsàn oríkèé tó ń wú, tó sì ń dunni. Ó máa ń rìn nínú ìdílé.

Ohun tó ń fà á ni nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní uric acid. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, oúnjẹ kàn ń bù kún un ni. Kídìnrín ló yẹ kó máa kó o jáde nínú ìtọ̀. Tí kò bá kó o jáde tó, á dì sínú oríkèé, ṣóńṣó bí èérún ìgò. Ìka ẹsẹ̀ máa ń tutù ju ara yòókù lọ, ibẹ̀ ló sì tètè ń dì sí.

Èmi tí mo ń ta oúnjẹ ní Ìgbọ̀nà, mo mọ abọ́ ẹ̀yin ọkùnrin: ẹ̀dọ̀, kídìnrín, kí bíà tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀. Din ẹran màlúù kù, àti edé, àti sadíìnì. Mínírà tó dùn náà ń gbé uric acid yẹn sókè, bí kò tilẹ̀ ní ọtí. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni, ẹ má tàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà? Jẹ ẹ̀wà rẹ ní àjẹyó! Wọ́n á ní kí o sá fún un, irọ́ ni. Máa mu omi dáadáa.

Oúnjẹ nìkan ò lè kápá ẹ̀ ṣá. Lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kídìnrín rẹ wò. Tí ibà bá bá wíwú náà rìn, òní ni kí o lọ. Mú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ dání, nítorí àwọn kan tó ń mú ni tọ̀ máa ń gbé ásíìdì yìí sókè. Má kàn ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó lè ba kídìnrín jẹ́.

Wọ́n lè fún ọ ní colchicine fún ìrora. Allopurinol yàtọ̀: ojoojúmọ́ ni, kódà tí ẹsẹ̀ ò bá dùn ọ́ rárá. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un títí ásíìdì náà á fi wálẹ̀ sábẹ́ 6 mg/dL nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ lè tún wú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú nù, pé oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ìwọ má jù ú nù. Àfi tí nǹkan bá sú sí ọ lára: dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí o sì padà sọ́dọ̀ dókítà. Bàbá rẹ ń lo tiẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí.

Mo ti di òtílí sínú àpò fún ọ, dẹ́rẹ́bà á gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì. Pè mí tí o bá ti rí dókítà.

Ìyá rẹ,
Òṣogbo