Àkànní, Gbé Fóònù Rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ pupa yẹn ti bí ìbejì, ìjì sì ti ṣí páànù ilé ìdáná. Owó oṣù méjì tí o kò fi ránṣẹ́ kọ́ ló mú mi kọ̀wé. A ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nídìí òṣùwọ̀n kòkó ni. Wọ́n ní o ti fọwọ́ síwèé fún àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ abà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn mẹ́ta kan tó ń wọnlẹ̀ wá fi ọ̀dà pupa kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà wa. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn, ìwọ ni wọ́n dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè ọ́, o ò gbé e. Èwo nìyẹn, Àkànní? Ìwọ tí mo gbé kọ́ èjìká lọ gbabẹ́rẹ́!

Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi mí pé kí ló dé tí òkúta yẹn ò ní orúkọ lára, tí àwọn abà yòókù lọ́nà Akanran sì ní pátákó. Mo ní òjò ló pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

Àwa náà ní pátákó. Baba bàbá mi ló dá oko kòkó síbẹ̀. Ìjọba gé igi rẹ̀ nígbà tí àrùn wọ kòkó Ìbàdàn, baba bàbá mi tún òmíràn gbìn. Nígbà tó di 1969, láyé Àgbẹ́kọ̀yà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Kòkó ò lówó lórí, owó orí ń ga, àwọn àgbẹ̀ sì ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, làwọn á san, kò ní lé kọ́bọ̀. Orúkọ Tafa Adeoye, aṣáájú wọn, ló wà lẹ́nu gbogbo wa. Ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ni mo ń lọ, ìwé kíkà sì ń gùn mí.

Ọkọ̀ àwọn agbowó-orí dúró, wọ́n ń wá abà wa. Koríko ti bo pátákó. Èmi ni mo ya koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kà á ketekete sí wọn létí. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní ọmọ tó gbọ́n ni mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó bàbá mi lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ nígbà tó dé. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló júwe. Ó kàn hú pátákó náà, ó fi dáná, ó wá yí òkúta dúdú yẹn síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ tiwa á mọ̀ ọ́n. Ó kú, mi ò sọ fún un.

Ṣé o ti fọwọ́ sí i? Bí o kò bá tíì ṣe é, má ṣe é. Bí o bá ti ṣe é, wá sọ ọ́ lójú mi, mi ò ní pariwo. Àbí màá pariwo, ṣùgbọ́n wá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá wọ́n kọ́kọ́ yìn ọ́ kí wọ́n tó na bírò sí ọ.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà náà. Ó ṣì kù lẹ́yìn òkúta, ibi tí ọwọ́ mi ò tó.

Bàbá rẹ.