Ẹnu ọ̀nà ìwádìí ni wọ́n ti ń dá àwọn àgbà wa padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ dẹmẹ́ńṣíà, àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, bá ti jáde, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kópa nínú ìwádìí oògùn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti 1932 sí 1972, tí ìjọba ibẹ̀ ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àrùn sífílíìsì níran láìtọ́jú wọn, kò ní bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà láti kópa, tí òfin ìwádìí náà sì lé wọn sẹ́yìn.

Nínú ìwádìí lecanemab, oògùn fún Alzheimer's, irú dẹmẹ́ńṣíà tó wọ́pọ̀ jù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, ènìyàn 1,795 ló kópa. Àwọn aláwọ̀ dúdú inú wọn kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dẹmẹ́ńṣíà ń mú àwọn àgbà dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn funfun.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ alábàárìn. Aláìsàn kò lè wọ inú ìwádìí láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa tí yóò máa bá a wá, tí yóò máa ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe nílé. Nínú ìwádìí yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fa lecanemab sí iṣan ẹ̀jẹ̀, fún oṣù 18. Ìyàwó tó ti fẹ̀yìn tì lè ráyè. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru ńkọ́? Owó ọkọ̀ nìkan kò tó. Kí wọ́n san owó iṣẹ́ tó pàdánù, kí ibùdó ìwádìí sì máa ṣí ní Sátidé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí oògùn ló ní iye neutrophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la jogún irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Duffy-null, tó lè mú kí iye náà kéré láìsí àìsàn kankan. Ara bàbá le koko, wọ́n á ní kò yẹ. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Duffy, kí wọ́n sì lo òdíwọ̀n tó bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu.

Ìdánwò iyè náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí màmá tí kò kàwé yọ 7 kúrò nínú 100, kó tún yọ 7, kó máa yọ ọ́ lọ. Bó bá kùnà, ilé ìwé tí kò lọ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe iyè rẹ̀. Kí ọmọ rẹ̀ má sì ṣe ògbufọ̀, torí yóò máa ta á lólobó láìmọ̀.

Ìbàdàn ti fi ọ̀nà hàn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ìwádìí dẹmẹ́ńṣíà lọ sí àdúgbò Ìdíkàn ní ọdún 1992, ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé lè dáhùn ni wọ́n lò, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá ẹbí lẹ́nu wò lọ́tọ̀. Ní 2001, èsì jáde: láàrin àwọn ẹni ọdún 65 sókè, àwọn tí Alzheimer's ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Àbùdá APOE e4, tó ń fa ewu ńlá fún àwọn funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò. Àbùdá yìí kan náà sì ni dókítà ń wò láti mọ ẹni tí lecanemab lè tètè mú kí ọpọlọ rẹ̀ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Bí a ò bá sí nínú ìwádìí, ta ni yóò mọ bí ewu tiwa ṣe tó?

Irun náà ń dá ènìyàn padà. Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán ọpọlọ, kò gba irin, nítorí náà kí wọ́n pe àwọn obìnrin ṣáájú nípa wíìgì oníkílíìpù àti ìlẹ̀kẹ̀ onírin.

Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín wà lókè òkun, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè: ta ni yóò san owó ìtọ́jú bí oògùn bá ṣe wọ́n ní jàǹbá? Bó bá jẹ́ oògùn àfiwé, tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú, ni wọ́n gbà, ṣé wọ́n á rí ojúlówó gbà tó bá yá? Ta ni yóò gbẹnu sọ fún wọn bí iyè wọn bá ń rá sí i? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé tí ẹ ó mú lọ sílé.

Òǹkàwé yín