Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí kámẹ́rà tí yóò ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé wa

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn nígbà tí o sọ fún mi pé òtútù Kánádà ti ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wa níbí, ewùrà tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé sì ti ń yọ orí.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó láti dáhùn, pé irú kámẹ́rà wo ni kí o rà, nínú èyí tí a ń so mọ́ igi tí ń dá ya àwòrán bí ohun kan bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, kí o lè fi rán àbúrò rẹ tí ń bọ̀ wálé ní oṣù Karùn-ún. N kò fẹ́ fi ìkánjú dáhùn rẹ̀, nítorí pé ìkánjú ni mo fi ra èyí àkọ́kọ́, owó náà sì ṣòfò.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni ohun kan ti ń wọ ẹ̀yìnkùlé wa lóru. Ìdí igi ìbẹ́pẹ ni mo ti kọ́kọ́ fura: èyí tó pọ́n tó sì já bọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, èèpo rẹ̀ lásán ni yóò kù. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, òkìtì kékeré kan tó ń ga sí i lójoojúmọ́. Mo fi igi tú u wò. Kóró ìbẹ́pẹ dúdú dúdú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹyìn ọ̀pẹ tí a ti họ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìkarahun ọ̀kùn tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. N kò rí ìyẹ́ adìẹ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ adìẹ mẹ́ta ti sọnù lọ́wọ́ mi láàárín oṣù kan, bàbá tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wa sì ti dájọ́ pé ẹtà ni, pé òun yóò mú tàkúté onírin wá, pé bí tàkúté kò bá mú un, ọ̀rẹ́ òun tí ń ṣọdẹ yóò wá dẹ ẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù fún mi. Ẹni tí a kò rí kí a fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí a sì pa á, kò bá mi lára mu. Ẹlẹ́rìí ni mo ń wá, Àbẹ̀kẹ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba kámẹ́rà tó bá kàn ti wà lọ́jà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ra ti àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù Kìíní. Wọ́n kọ mẹgapíksẹ̀lì 48 gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán kan, iye yẹn ló sì fà mí mọ́ra. Mo so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo ki káàdì rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, àwòrán tó lé ní 900 ni mo bá, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì gba gbogbo rẹ̀ kan: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fì síwá sẹ́yìn. Ẹyọ kan péré ló wúlò nínú wọn. Aago 2:47 òru ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, létí àwòrán náà gan-an, ìrù kan wà tí òrùka dúdú yí ká, tí góńgó rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ẹranko tó ni ìrù ti kọjá lọ kí kámẹ́rà tó la ojú. Mo wo ìrù yẹn títí ojú fi ń ro mí. Ẹtà ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan wà tó kéré jù ú lọ, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ológbò, tí ìrù tirẹ̀ gùn jù, tí òrùka sì wà lára ìrù náà. Ilẹ̀ ni ẹtà sábà máa ń rìn, èso àti kòkòrò sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Èkejì yìí mọ igi gùn dáadáa, ó lè ti orí igi bọ́ sórí òrùlé ilé adìẹ. Bí mo bá rí ojú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, nítorí pé ẹtà ní ọ̀já dúdú tó gba ojú rẹ̀ méjèèjì kọjá bí ẹni lé tìróò. Ìrù nìkan ni mo rí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á ni bí ó ti yára tó. Ojú kékeré kan wà lára kámẹ́rà wọ̀nyí, lábẹ́ èyí tí ń ya àwòrán, tó jẹ́ pé ooru ló máa ń mọ̀. Bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná ju àyíká lọ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, òun ni yóò jí kámẹ́rà lójú oorun, kámẹ́rà yóò sì ya àwòrán. Àkókò tó wà láàárín jíjí àti yíyà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí mo ní ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹranko tí ẹsẹ̀ ń yá kò ní dúró dè é. Èyí tí kò bá lò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.3 lọ ni kí o rà fún mi, kí o sì béèrè pẹ̀lú pé lẹ́yìn àwòrán kan, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó lè ya òmíràn, nítorí pé ìyá àti ọmọ lè máa tẹ̀ lé ara wọn.

Ní ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi. Oòrùn ló ń mú ewé gbóná, atẹ́gùn ń fì í, ojú tí ń mọ ooru sì gbà pé ohun abẹ̀mí ló ń kọjá. Ìlà-oòrùn ni mo kọjú kámẹ́rà sí, n kò sì gé koríko iwájú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àríwá ni n ó kọjú rẹ̀ sí. Mo tún ti kà á pé ọ̀sán tí ooru bá mú gan-an, tí àyíká gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara ẹranko, ojú náà kì í mọ ìyàtọ̀ dáadáa. Èyí kò dà mí láàmú, nítorí pé òru ni àlejò wa ń wá, ilẹ̀ sì máa ń tutù nígbà náà.

Ohun kejì ni iná rẹ̀, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí o ti fi ojú sùnùkùn wò ó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared lóru, èyí tí ojú wa kì í rí, àwòrán rẹ̀ sì máa ń jẹ́ dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ 850 sí lára máa ń tàn jìnnà, àmọ́ bí o bá kọjú sí i nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, wàá rí i tó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin iná. Èyí tí wọ́n kọ 940 sí lára kì í pọ́n rárá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàn kì í lọ jìnnà tó ti àkọ́kọ́ ni. Jọ̀wọ́, 940 ni kí o rà. Láti ìdí igi àgbálùmọ̀ dé ilé adìẹ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, n kò nílò ohun tí ń tàn dé òdìkejì odò. Ẹranko tí ìbẹ̀rù àwa ènìyàn ti wọ̀ lára lè rí ìpọ́n yẹn kí ó má sì padà wá mọ́. Olè tí ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá lè rí i pẹ̀lú, yóò sì mọ ibi tí kámẹ́rà wà.

Má ṣe jẹ́ kí iye mẹgapíksẹ̀lì tàn ọ́ bí ó ṣe tàn mí. Ojú inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó iye tí wọ́n kọ sára páálí. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń fẹ àwòrán náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bu omi lu ọbẹ̀ kí ìkòkò lè kún. Dípò iye yẹn, wá àwòrán tí irú kámẹ́rà náà gan-an ti yà lóru, kí o sì wò ó bóyá irun ara ẹranko hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé àwọn tí ń tà á kì í sọ bí a kò bá béèrè. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ yín tí ń wá àgbọ̀nrín nínú igbó ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀kánkán ni ojú wọn ti máa ń mọ́. Ohun tó bá sún mọ́ ọn tó mítà kan lè ṣe bàìbàì. Béèrè ibi tí àwòrán rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ kedere. Bí ó bá ti jẹ́ mítà méjì tàbí kí ó dín, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Èyí tí ń lo síìmù, tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, má rà á. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín ni wọ́n ti so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, yóò di ère lásán bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Káàdì oní-32GB kan ti tó mi, ẹsẹ̀ mi sì lè gbé mi dé ìdí kámẹ́rà láti lọ mú un.

Òjò wa kò ní ṣàánú rẹ̀, o mọ bí òjò oṣù Kẹfà ṣe máa ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Wo ara páálí bóyá wọ́n kọ IP66 síbẹ̀. Mẹ́fà ìṣáájú dúró fún eruku tí kò lè wọlé, èkejì dúró fún omi tí a fi agbára tú sí i lára. Èèrà ni ìṣòro tó kù. Inú kámẹ́rà mi àkọ́kọ́ ni wọ́n yé ẹyin sí, wọ́n gba ihò kékeré tó wà fún wáyà wọlé. Rọ́bà tó dí ihò náà gbọdọ̀ le dáadáa. Bá mi tọ́jú àwọn àpò pélébé tí ń fa ọ̀rinrin, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, n ó fi méjì sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ń ka ìwé kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo kà nípa ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Shiras, tó ti ń ya fọ́tò ẹranko lóru kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Ó na okùn sójú ọ̀nà wọn. Bí ẹranko bá fi ẹsẹ̀ fa okùn, iná yóò kọ mànà, kámẹ́rà yóò sì yà á. Ní ọdún 1906 ni wọ́n tẹ àwọn àwòrán náà jáde. Mo dákẹ́ nígbà tí mo kà á, nítorí pé bí bàbá mi ti ń dẹ pàkúté fún òkété ni ó ṣe dẹ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹranko tó fa okùn yẹn padà sílé. Ìtòsí wa náà ni igbó ọba Omo wà, èyí tí àjọ àgbáyé UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú láti ọdún 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ ibẹ̀ ti so irú kámẹ́rà yìí mọ́ igi láti fi mọ ohun tí ń rìn níbẹ̀. Bí ó bá wúlò fún erin, yóò wúlò fún ẹ̀yìnkùlé mi.

Ó ku bátìrì. Mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bátìrì alkaline tí a ń rà ní kíọ́ọ̀sì máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná òru ni yóò sì kọ́kọ́ fi hàn pé ó ti ń rẹ̀: fọ́tò ọ̀sán yóò dára, ti òru yóò ṣókùnkùn. Ti lithium kì í rẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ kì í yẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ra mẹ́rìndínlógún sí i bí owó bá gbà ọ́ láyè, n ó san án padà fún ìyá rẹ níbí. Ṣùgbọ́n kìlọ̀ fún àbúrò rẹ pé inú báàgì ọwọ́ ni kí ó kó wọn sí, kí wọ́n wà nínú páálí wọn, nítorí pé wọn kì í gba irú bátìrì bẹ́ẹ̀ láyè nínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú.

Mo ti ri òpó kan mọ́lẹ̀, mítà mẹ́ta sí òkìtì ìgbẹ́ yẹn, mo sì ti fi orúnkún mi wọn ibi tí n ó so kámẹ́rà mọ́, nítorí pé ẹranko tó kúrú ni mò ń wá. N kò kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà tí àwọn aládùúgbò ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun ni mò ń ṣọ́. Bí ó bá hàn pé ẹtà ló ń kó adìẹ ní tòótọ́, n ó fi wáyà yí ilé adìẹ ká títí dé orí òrùlé, n ó sì sọ fún bàbá pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí kì í bá ṣe òun, n ó fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní àwọn fún mi títí di ìparí oṣù Kẹfà, tàkúté náà sì wà lórí àjà wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́.